Iyọ̀, Fóònù àti Ẹ̀rí Ìwòsàn: Bí A Ṣe Lè Wọn Ọ̀rọ̀ Kí A Tó Gbà Á

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2014, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún káàkiri ìlú Ọ̀yọ́ kí àkùkọ tó kọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹni tó ń pè ń sọ: kí oníkálukú dìde, kí ó fi iyọ̀ sínú omi gbígbóná, kí ó fi wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àrùn Ẹ̀bólà má baà mú un. Àwọn kan ní ìjọba ló sọ ọ́. Àwọn mìíràn ní wòlíì kan ló rí i lójú ìran. Àwa tí a ń kọ àkọsílẹ̀ yìí kò béèrè èwo ló jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì. A gbé omi kaná, a da iyọ̀ sí i, a wẹ̀, a sì pe àwọn ẹbí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí àwọn náà tètè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan wà ní agbo ilé wa nígbà náà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwa gan-an ni a bu ife omi iyọ̀ kan fún un, ó sì mu ún tán nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé wa. Kí ó tó di ọ̀sán, orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá rẹ̀ gbọ́ àlàyé wa tán, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ bàbá, ta ló sọ ọ́ fún yín?" A dákẹ́. A mọ ẹni tó pè wá, ṣùgbọ́n a kò mọ ẹni tó pe ẹni tó pè wá. Ọlọ́run ṣàánú, ara ìyá náà yá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn wa láti ọjọ́ náà wá.

Nítorí ìbéèrè yẹn ni a ṣe kọ àkọsílẹ̀ yìí sí ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Kò sí ọjọ́ kan tí a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tó ń wo àrùn, nípa ẹ̀rọ tó ń pani, tàbí nípa ohun tí àwọn alágbára ayé ń dì ní rìkíṣí. Òmíràn jẹ́ òtítọ́, òmíràn jẹ́ irọ́, òmíràn sì jẹ́ àdàlù méjèèjì. Báwo ni ọmọ Ọlọ́run yóò ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì?

Ohun tó ṣẹ́gun Ẹ̀bólà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ iyọ̀. Àrùn Ẹ̀bólà wọ ìlú Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014 láti ara arìnrìn-àjò kan tó ti Làìbéríà bá ọkọ̀ òfurufú wá. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò gbọdọ̀ jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fúngun mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Lápapọ̀, ẹni 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, ẹni 8 sì bá a lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tó ti fara kan àwọn aláìsàn kàn, ní Èkó àti ní Port Harcourt, wọ́n sì sún mọ́ 900. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ẹ̀bólà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Iyọ̀ kò ní ọwọ́ nínú ìṣẹ́gun yìí rárá. Omi ara aláìsàn tàbí ti òkú, bí ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìgbẹ́, ni Ẹ̀bólà ń gbà ràn. Iyọ̀ tí a fi wẹ ara kò lè lé kòkòrò tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí a mu ní àmujù sì ń ṣe ibi: ó ń mú kí ìfúnpá ga, ó sì ń fa omi kúrò níbi tí omi yẹ kó wà nínú ara, títí kan ọpọlọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ẹni méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwọn wọ̀nyí kò ní Ẹ̀bólà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ ni ó pa wọ́n.

Kí ló dé tí a fi gbà á gbọ́? A ti rò ó lọ, a ti rò ó bọ̀. Ẹ̀rù ń bà wá. Ẹni tó pè wá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn wa. Wọ́n ní kí a ṣe é kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà kò sí àyè láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, iyọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Iyọ̀ ni a fi ń sọmọ lórúkọ, iyọ̀ ni Èlíṣà dà sínú omi Jẹ́ríkò tí omi náà fi dára. Irọ́ náà wọ aṣọ tí a mọ̀, a sì ṣílẹ̀kùn fún un bí ará ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ní ayé àwọn baba wa, ṣọ̀pọ̀ná ni ẹ̀rù ńlá. Wọ́n ní òrìṣà ló ń bínú, wọ́n sì ní àwọn aborẹ̀ rẹ̀ nìkan ló lè tù ú. Ní nǹkan bí ọdún 1897, Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Gẹ̀ẹ́sì, kò fi àbá lásán tako ọ̀rọ̀ náà. Ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn náà ní ìkọ̀kọ̀ láti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó rí i pé àwọn kan nínú wọn a máa ha èépá ara aláìsàn, wọn a sì fi kó àrùn náà ran ẹlòmíràn. Bí ẹni náà bá sì kú, àwọn náà ni wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀. Ìròyìn Sàpárà wà lára ohun tó mú kí ìjọba fi òfin de ìsìn náà ní ọdún 1917. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó wá lé ṣọ̀pọ̀ná kúrò láyé pátápátá; ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí i mọ́ níbikíbi.

Ẹ kíyè sí ohun tí Sàpárà ṣe. Ó lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì béèrè ta ni èrè ọ̀rọ̀ náà ń wọlé sí lápò. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà.

Fóònù tó ń pani, òpó tó ń fa àrùn

Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM wọ Nàìjíríà. Kò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọdún 2004, tí ìròyìn fi tàn káàkiri pé àwọn nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé ìpè wọn yóò ṣubú lulẹ̀, yóò sì kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pa fóònù wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù jáde sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2011, ìròyìn kan náà tún jí dìde pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ohun tí fóònù ń ṣe kò ju pé kí ó gba ìgbì rédíò láti ọ̀dọ̀ òpó, kí ó sì sọ ọ́ di ohùn. Nọ́ńbà jẹ́ àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ fi ń mọ ẹni tó ń pe ẹni. Kò ní agbára kan nínú ara rẹ̀. Bí ènìyàn kan bá ṣubú níbi tó ti ń gbé ìpè, ṣé ìpè náà ló pa á? Lójoojúmọ́ ni àìmọye ènìyàn ń gbé ìpè, lójoojúmọ́ náà ni àwọn kan ń kú ikú òjijì. Kò lè ṣàì sí ọjọ́ kan tí ohun méjèèjì yóò pàdé. Pé nǹkan méjì jọ ṣẹlẹ̀ kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, fóònù tún pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n ní òpó 5G ló ń fa àrùn náà, a sì gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù pàápàá. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà. Ní ọdún náà, kò sí 5G tí aráàlú ń lò níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Ìdánwò díẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ọdún 2019, ó sì di ọdún 2022 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún aráàlú. Àrùn náà ti jà kárí orílẹ̀-èdè kí ohun tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn tó dé. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí a ṣe ń ka ọdún lè já irọ́ yìí, kò dìgbà tó bá lọ sí yunifásítì.

Ìfura náà ní ìdí

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé à ń sọ pé kí a gba gbogbo ohun tí ìjọba tàbí oníṣègùn bá sọ láìbéèrè. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ọmọ 11 kú nínú àwọn tó wà nínú ìdánwò náà. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀, títí di ọdún 2009 tí wọ́n fẹnu kò pẹ̀lú ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Ta ni yóò wá yà á lẹ́nu pé nígbà tí wọ́n gbé oògùn àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ dé ní ọdún 2003, tí àwọn kan ní ó ń sọni di àgàn, ọ̀pọ̀ òbí ní ìhà àríwá gbà á gbọ́? Ìpínlẹ̀ Kánò dá oògùn náà dúró títí di oṣù keje ọdún 2004. Àyẹ̀wò fi hàn pé oògùn náà kò ní ohun tó ń sọni di àgàn, ṣùgbọ́n àrùn kò dúró de àyẹ̀wò. Ó gbèrú, ó sì ti Nàìjíríà ran nǹkan bí orílẹ̀-èdè 20. Àwọn ọmọ tó yarọ nígbà náà ti di àgbàlagbà báyìí. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé irú àrùn náà tó jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwọn dókítà kíyè sí i pé àwọn ọmọ kéékèèké kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tí wọ́n fún àwọn ọmọ náà mu, oògùn eyín kan tó ń jẹ́ My Pikin sì ń jáde lẹ́nu àwọn ìyá. Àjọ NAFDAC yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí májèlé nínú rẹ̀. Ó kéré tán, ọmọ 84 ló kú. Níbí yìí, ìkìlọ̀ náà jẹ́ òtítọ́, ẹni tó bá sì pè é ní àhesọ yóò sin ọmọ.

Kí ló wá ya ìkìlọ̀ My Pikin sọ́tọ̀ kúrò lára ìkìlọ̀ 5G? Ọ̀kan ní ẹni tó rí i lójú ara rẹ̀, ó ní ìbéèrè tí wọ́n bi ìyá kan lẹ́yìn èkejì, ó sì ní àyẹ̀wò tí ẹlòmíràn lè tún ṣe. Èkejì kò ní ju ẹnu lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlasa àti ìbejì

Nínú ìpínlẹ̀ wa yìí náà ni Ìgbó-Ọrà wà, ìlú tí a mọ̀ sí ìlú ìbejì. Ìwádìí tí Dókítà Patrick Nylander ṣe láàárín ọdún 1960 sí 1970 àti lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé nínú 1,000 ìgbà tí obìnrin bímọ níbẹ̀, nǹkan bí 45 sí 50 ló jẹ́ ìbejì, èyí tó pọ̀ jọjọ ju ti ìlú Òyìnbó lọ. Òtítọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ará ìlú ní ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ni.

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa náà ń jẹ àmàlà ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, a sì ń jẹ ìlasa. Kí a tó lè sọ pé oúnjẹ ni, a ní láti fi àwọn obìnrin tó ń jẹ ẹ́ wé àwọn tí kì í jẹ ẹ́ ní ìlú kan náà. A sì ní láti wo ìdílé wọn pẹ̀lú, nítorí ìbejì a máa rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, kò sí ẹni tó fi ìdí ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà múlẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jẹ ìlasa wa nítorí pé ó dùn, kí a má sì tà á fún àgàn bí oògùn.

Ìbéèrè márùn-ún

Láti inú gbogbo èyí, a kó ìbéèrè márùn-ún jọ tí a ń lò báyìí, tí a sì fẹ́ kí ẹ bá wa lò.

Èkíní: Ta ló sọ ọ́? Kì í ṣe ẹni tó fi ránṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí a kò bá lè rí orísun odò, a kì í mu omi rẹ̀.

Èkejì: Báwo ni ó ṣe mọ̀? Ṣé ó rí i ni, ṣé ó yẹ̀ ẹ́ wò ni, àbí òun náà gbọ́ ọ ni? Òfin Mósè kò gba ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwọn baba wa náà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ̀kẹta: Ta ni yóò jèrè? Ẹni tó ń ta àgbo gbogboǹṣe nínú mọ́tò láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lè máa sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà nínú pé kí a gbà á gbọ́.

Ẹ̀kẹrin: Kí ni a fi wé? Bí ẹni mẹ́wàá bá lo nǹkan tí ara wọn yá, ẹni mélòó ni ara wọn yá láìlo nǹkan kan? Ẹni mélòó ló lò ó tí kò yá, tí wọn kò sì sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí?

Ẹ̀karùn-ún: Bí ó bá jẹ́ irọ́, kí ni yóò ná wa? Ọ̀rọ̀ tó ní kí a fi ọṣẹ fọwọ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó ní kí aláìsàn da oògùn rẹ̀ nù ń béèrè ẹ̀mí. Bí iye tó lè náni bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí tí a ó béèrè gbọ́dọ̀ pọ̀ tó.

Ẹ̀rí ìwòsàn nínú ìjọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù lọ nìyí, ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run. A gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń woni sàn, a kò sì ní dẹ́kun láti gbàdúrà fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n a ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru yóò jẹ́rìí ní ọjọ́ Àìkú pé òun ti da oògùn òun nù nítorí pé ara òun ti le. Ìjọ yóò pàtẹ́wọ́, ẹlòmíràn lórí ìjókòó yóò sì lọ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa: ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ènìyàn lè máa jó, kí ó máa yọ̀, kí ìfúnpá rẹ̀ sì wà ní òkè téńté. Nítorí náà, pé ara le kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti lọ. Oògùn náà ń di àrùn yìí mú ni, bí ìjánu ṣe ń di ẹṣin mú. Bí a bá tú u sílẹ̀, yóò padà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó sì lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀, ọkàn tó daṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kíndìnrín tó bàjẹ́ ni yóò fi kéde ara rẹ̀.

Kí ni Olúwa wa ṣe? Nínú Lúùkù orí 17, nígbà tí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ké pè é, ó ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà. Àlùfáà ni ẹni tí òfin yàn nígbà náà láti yẹ ara wò. Ẹ ka Léfítíkù orí 13: yóò wo ara ẹni náà, yóò sé e mọ́ fún ọjọ́ méje, yóò sì tún un wò kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó wò wọ́n sàn kò bẹ̀rù àyẹ̀wò. Èé ṣe tí àwa yóò fi bẹ̀rù rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí ìwòsàn kọ́kọ́ lọ fi ara rẹ̀ han dókítà. Bí Ọlọ́run bá wò ó sàn, ìwé àyẹ̀wò yóò fi ògo kún ògo rẹ̀.

Ogún wa ni èyí jẹ́. Ní ọdún 1898 ni àwọn onítẹ̀bọmi dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1907, Dókítà George Green dé sí ìlú kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn tó di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Bowen lónìí. Ìjọ kan náà ló gbìn ín. Wọn kò rò pé ẹni tó mọ Bíbélì kò nílò ẹni tó mọ ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe láti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀

Kí akọ̀wé ìjọ má ka ìkìlọ̀ ìlera kankan ní àkókò ìkéde títí tí òṣìṣẹ́ ìlera kan nínú ìjọ yóò fi rí i. Kò sí ìjọ kan ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò lè rí nọ́ọ̀sì kan bi léèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá dé sórí fóònù pé kí a tètè fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá, ìkánjú náà gan-an ni kí ó mú wa dúró. Bí a bá sì ti ka irọ́ jáde, kí a tún un ṣe lórí pẹpẹ kan náà tí a ti kà á, kí a má ṣe é ní kọ̀rọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ó nira jù fún wa. Ní ọdún 2014, lẹ́yìn tí ìyá náà ti padà sílé, ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí a tó lè gbé fóònù, kí a sì pe àwọn tí a ti sọ fún ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé a ṣìnà. Ìtìjú ni ó dá wa dúró. Ẹnì kan nínú wọn sọ fún wa pé àwọn ti sọ ọ́ fún gbogbo ilé, ó sì béèrè pé, "Ta ni yóò wá bá wa lọ sọ fún wọn báyìí?" A ní àwa ni. A wọkọ̀ lọ, a sì sọ ọ́ láti ojúlé dé ojúlé.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tó ń gbàgbọ́, ojú tó ń wò dáadáa, àti ẹnu tó lè sọ pé, "Mo ṣìnà." Àmín.